Ṣé Ó Tọ́ Kí Ọmọ Oko Dúró De Iná?

Bí a bá dárúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé oko, èsì kan kì í pẹ́ jáde: «Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní omi ná. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ní àga ìjókòó ná.» Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ta ni yóò sọ pé ẹ̀rọ ṣáájú omi mímu? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ń sọ ọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa ará ìlú ni, àwa tí ọmọ wa ti ń fi ìka tẹ ẹ̀rọ kí ó tó mọ ìwé kà. A kò ní kí ọmọ tiwa yan omi tàbí kọ̀ǹpútà. A fún un ní méjèèjì. Ọmọ oko nìkan ni a ń ní kí ó yan ọ̀kan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gánà ní ọdún 2018 là wá lóye. Olùkọ́ kan, Richard Appiah Akoto, ń kọ́ àwọn ọmọ ní Betenase, ìletò kan ní agbègbè Ashanti. Ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà wà nínú ìdánwò àṣejáde wọn, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwé náà kò ní ẹyọ kan láti ọdún 2011. Akoto mú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó ya ojú Microsoft Word sórí pátákó. Àwòrán rẹ̀ tàn káyé, wọ́n pè é lọ sí Singapore, àwọn olóore sì fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ìwé náà lọ́rẹ. Ìyìn yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyìn náà bo ìbéèrè kan mọ́lẹ̀: ta ni ó gbé ìdánwò kan náà síwájú ọmọ tí ó ní ẹ̀rọ àti èyí tí kò ní? Ìdánwò náà kò dúró de omi, kò dúró de iná. Ẹni tí yóò bi ọmọ ní ìbéèrè jẹ ẹ́ ní gbèsè ohun èlò rẹ̀. Akoto fi ṣọ́ọ̀kì san gbèsè tí kì í ṣe òun ló jẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò ní ṣọ́ọ̀kì tó, nígbà náà. Ó tó fún ìpìlẹ̀. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo: èso mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú dé. Ọ̀nà méjì ni èso kan lè gbà balẹ̀, èso méjì, ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́jọ. Bí a bá ń ṣe é ní ìlọ́po méjì títí dórí ìkẹjọ, 256 ni yóò jẹ́, iye odù Ifá gan-an. Ààmì mẹ́jọ irú bẹ́ẹ̀, 1 tàbí 0, ni kọ̀ǹpútà fi ń to ọ̀rọ̀ sínú ara rẹ̀. Ọmọ Kétu lè kọ́ èyí lórí ilẹ̀ gbalasa. (Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún un pé Ifá ni ó dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀. A kò nílò irọ́ kí a tó yangàn.)

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ṣọ́ọ̀kì kò lè ṣe: kì í dá ọmọ lóhùn. Ọmọ tí ó kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí ó ṣì í kọ, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kò ní bú u, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Yóò tún un kọ, yóò tún un wò. Nínú kíláàsì wa, ẹnu olùkọ́ ni ọmọ ń wò kí ó tó mọ̀ bóyá òun gbà á tàbí òun kò gbà á, ẹ̀rù àṣìṣe sì ti pa ìbéèrè mọ́ ọ̀pọ̀ wọn nínú. Lójú tèmi, òmìnira yìí ni a ń fi du ọmọ oko, ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ.

Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ogójì kọ̀ǹpútà. Ẹyọ kan tí ó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, tí ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ń pín lò, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ kí wọ́n tó fi Faransé dáhùn, lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Bí ẹgbẹ́ wa bá sì fẹ́ ra irú rẹ̀ fún ilé-ìwé kan, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe ní ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́.