Àgbàtán Ni Ti Kérésì Àkọ́kọ́

Àwọn àgbà ní àgbàtán là ń gba ọ̀lẹ: bí a bá dáṣọ fún un, à pa á láró, bí a bá là á níjà, à sìn ín délé. Ọmọ tí ènìyàn gbà ṣọmọ kì í ṣe ọ̀lẹ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìdí òwe náà ni mo ń bá lọ, níbi tó ti ní kí á sìn ín délé. Ẹni tó la ìjà, tó wá fi ẹni tó gbà sílẹ̀ ní oríta, kò tíì gba ẹnikẹ́ni. Ìwé ìjọba lè ti pé, bẹ́ẹ̀dì tuntun lè ti wà ní yàrá, ọmọ lè ti máa jókòó nídìí tábìlì oúnjẹ láti oṣù Kẹsàn-án, síbẹ̀ kó má tíì délé. Ní ilé onígbàgbọ́, ìgbà tí èyí máa ń hàn jù ni ọdún Kérésì àkọ́kọ́.

Inú rere ló sì máa ń fà á. Tọkọtaya tó ti ń tọrọ ọmọ tipẹ́, tí Ọlọ́run wá fi méjì tàbí mẹ́ta jíǹkí lẹ́ẹ̀kan náà, á ní àfi kí ọdún tọdún yìí kún àkúnwọ́sílẹ̀. "Àwọn ọmọ yìí ò ṣọdún rí," ni wọ́n á máa wí. Wọ́n á ra ọmọláńgidi, ra kẹ̀kẹ́, ra bàtà oríṣi mẹ́ta. Wọ́n á kó wọn lọ tò fún Bàbá Kérésì. Wọ́n á pe ẹbí ọkọ, pe ẹbí ìyàwó, pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n wá bá wọn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yẹn kì í ṣòótọ́. Ọmọ tó dàgbà nílé ìtọ́jú aláìlóbìí ti ṣọdún rí. Bóyá ó tilẹ̀ ti ṣe é ju ọmọ ọ̀dọ̀ wa lọ.

Ẹ gba ẹnu ọ̀nà irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn nínú oṣù Kejìlá. Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì á dé láàárọ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin á dé lọ́sàn-án pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Òṣìṣẹ́ báńkì tàbí àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ẹ̀kọ́ á dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n á to àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró, páálí Indomie àti ìlédìí síwájú, wọ́n á to àwọn ọmọ sẹ́yìn ẹrù. Àwọn ọmọ á kọrin káàbọ̀ tí wọ́n ti há sórí, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀. Alága ẹgbẹ́ á gbé èyí tó kéré jù, fóònù á yọ lápá ọ̀tún lápá òsì, wọ́n á ya fọ́tò. Bàbá Kérésì á jó, òógùn á sì máa ṣàn lábẹ́ irùngbọ̀n òwú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ ti lọ.

N kò bú àwọn àlejò wọ̀nyẹn. Ìrẹsì wọn ni wọ́n ń sè nílé náà títí wọ inú oṣù Kìíní, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa kó o lọ. Ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ lọ́dọọdún ni mo ń sọ. Ó ń kọ́ pé ẹni tó bá kó ẹ̀bùn rẹpẹtẹ wá, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń ya fọ́tò, kì í sùn mọ́jú. Bí a bá wá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ní pálọ̀ wa, tí ogún ojú ń wò ó, tí fóònù ń tàn yanran, kí ni ká retí pé kó rò? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni yóò ṣe. Yóò kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn, yóò kọrin, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó fún un lọ́ṣẹ àti ẹni tó fún un ní kẹ̀kẹ́ bákan náà. Àwọn àǹtí á ní, "Ẹ wò ó, ọmọ náà ti mọlé!" Kò tíì mọlé. Àlejò ló ń gbà.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀sọ̀ ọdún àkọ́kọ́ ni pé kí ó kéré. Ẹ̀bùn kan tó lè di tirẹ̀, tí kò ní bá ẹnikẹ́ni pín, ju báàgì ẹ̀bùn márùn-ún lọ fún ọmọ tó jẹ́ pé àjùmọ̀ní ni gbogbo nǹkan, títí kan ṣòkòtò. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí igba ojú náà pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Báńgà tí àwọn ọmọ àdúgbò ń yìn náà ńkọ́? Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ tẹ́lẹ̀ pé ariwo ń bọ̀, kí àyà rẹ̀ má bàa já.

Ní ti fọ́tò, òfin gan-an wà lẹ́yìn mi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Èkó sì gbé tirẹ̀ jáde ní 2007, ní kí ọmọ ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ gbà á fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó kéré tán, kí kóòtù tó fàṣẹ sí i. Ẹni tó bá gba ọmọ wálé ní oṣù Kẹwàá, inú àkókò yẹn ni Kérésì yóò ti bá a. Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ṣì lè kan ilẹ̀kùn lọ́la. Ojú ọmọ náà kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí Facebook nígbà náà. Bí kóòtù bá fàṣẹ sí i tán, òfin kà á sí ọmọ bíbí inú ẹni tó gbà á. Tí ó bá wá ku fọ́tò tí ẹ ó fi han ayé, ẹ bi ọmọ náà léèrè.

Kàkà kí á máa kó nǹkan fún un, ẹ jẹ́ ká rán an níṣẹ́. Ibí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ sì ni àánú kì í jẹ́ kí àwọn òbí tuntun dé. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó sinmi, ó ti jìyà." Ta là ń sọ pé kó jókòó kó sinmi nílé wa lọ́jọ́ ọdún? Àlejò ni. Ọmọ ilé á ti jí ní agogo márùn-ún, ojú rẹ̀ á máa ta nítorí àlùbọ́sà, yóò máa ráhùn pé èéṣe tí òun nìkan ń fọ abọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tuntun ráhùn bẹ́ẹ̀. Kó ṣa ìrẹsì, kó bu omi gbígbóná sí adìyẹ, kó fa ìyẹ́ rẹ̀. (Bí àkùkọ bá ti wà lórí ìso lẹ́yìn ilé ìdáná fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ọmọ ti fún un lórúkọ, ẹ fi iṣẹ́ yẹn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.) Bó bá fọ́ abọ́, ẹ bá a wí bí ẹ ṣe máa ń bá àwọn tó kù wí, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé.

Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni gbígbé oúnjẹ fún aládùúgbò. Nílẹ̀ wa, kò sí Kérésì tí ìrẹsì àti dòdò kì í fi ìdérí bo orí lọ sí ilé àwọn Mùsùlùmí tó wà lọ́tùn-ún lósì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Iléyá tí ẹran kì í padà wá. Ẹ gbé tíréè lé ọmọ náà lọ́wọ́. Kí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n bá a lọ, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn Alájì. Alájì á ní, "Ta ló rán ọ?" Ọmọ á ní, "Mọ́mì mi ni, sà. Wọ́n ní kí n gbé e wá fún yín." Ọmọ tó jẹ́ pé òun là ń gbé nǹkan fún láti ọjọ́ tó ti dáyé ti wá di ẹni tó ń gbé nǹkan fúnni, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ilé tó ti wá. Tí Alájì bá ṣàdúrà, tó tún fi owó ọdún sí i lápò, ẹ má gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ fẹ́ bá a tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ló mọ bí ìtọ́jú yẹn ṣe máa ń parí.

Òwe kan wà tó máa ń wọlé tọ àwọn òbí wọ̀nyí wá tí wọ́n bá ti ra àǹkárá ọdún. Ìyá ọkọ á wo aṣọ àwọn ọmọ, á mí kanlẹ̀, á ní: "Ìyàwó mi, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn." Òwe tó le ni, ó sì lè jẹ́ pé etí ọmọ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹ má bá a jiyàn. Kí ìyàwó kúnlẹ̀, kó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Ìdí ọmọ mi náà ni mo fi í sí." Òwe náà kò ní àléébù, ẹni tí wọ́n pè ní ẹlòmíràn ni wọ́n ṣì pè. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Ọkùnrin tó bá jẹ́ kí ìyàwó òun nìkan máa dá ìyá òun lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjà.

Ní ti aṣọ fúnra rẹ̀, aṣọ kan náà ni kí gbogbo ọmọ ilé wọ̀. Kí ti ọmọ tuntun má dára ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí aṣọ tó yàtọ̀ ń sọ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ yàtọ̀. Kí télọ̀ fi ìṣẹ́tí sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò àti létí búbà, kí ẹ sì sọ ọ́ lójú ọmọ náà pé a ó tú u sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ nígbà tó bá ga sí i. Ọmọ tó gbọ́ pé àwọn ènìyàn ń ṣètò ẹsẹ̀ òun fún Kérésì tí kò tíì dé ti gbọ́ ohun tí ìwàásù kò lè sọ fún un. Kí ẹ tètè gbé aṣọ lọ; ẹ mọ̀ bí télọ̀ ṣe ń ṣe nínú oṣù Kejìlá.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìgbà tí ọbẹ̀ ń ta sánsán, tí orin ń lọ, ni ọmọ lè bú sẹ́kún tàbí kó bínú wọ yàrá lọ. Bóyá ó rántí ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, bóyá ìyá tó mọ ojú rẹ̀ díẹ̀. Ẹ má bi í pé, "Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún lọ́jọ́ ọdún?" Ẹ jókòó tì í. Bí ẹ bá rí ẹran adìyẹ lábẹ́ ìrọ̀rí lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe olè. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí òmíràn yóò tún dé ló ń fi pamọ́. Ẹ wá abọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ tó, kí nǹkan jíjẹ máa wà níbẹ̀ títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Àsìkò yìí kan náà ni àwọn kan máa ń pe pásítọ̀ pé kó wá sọ ọmọ lórúkọ tuntun, kí tàtijọ́ lè lọ. Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejìlá 1825, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Kérésì ó pé, ni wọ́n ṣèrìbọmi fún Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n sì tọ́ ní Sierra Leone. Wọ́n pè é ní Samuel Crowther. Ó jẹ́ orúkọ náà, ó di bíṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n Àjàyí kò kúrò lára rẹ̀, ó sì tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846. Ẹ wá wo ọmọbìnrin ilẹ̀ Yewa tí ọba Dàhọ̀mì fi ta ọbabìnrin Victoria lọ́rẹ ní 1850. Sarah Forbes Bonetta ni wọ́n sọ ọ́: Forbes jẹ́ orúkọ ọ̀gákọ̀ tó gbé e lọ, Bonetta jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi orúkọ kún orúkọ bó bá wù yín. Ẹ má yọ èyí tó bá a wá.

Ṣé kí á kó wọn lọ sílùú baba wọn tuntun? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kì í fi í ríran. Ní tèmi, kí àwọn òbí àgbà wá sọ́dọ̀ wọn lọ́dún àkọ́kọ́, kí ìrìn àjò di Àjíǹde. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mo fẹ́ ya ẹbí. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣèlérí pé kò sẹ́nì kan tí yóò dúró lágboolé, tí yóò ké sókè pé, "Ṣé èyí lẹ gbà?"

Tí ọdún bá lọ tán, tó di oṣù Kejì, kò ní sí bọ́ọ̀sì àlejò lẹ́nu géètì ilé ìtọ́jú mọ́, àpò ìrẹsì á sì ti ń tán lọ. Ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ. Bí ọmọ bá fẹ́ rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ mú un dání, kí ẹ jẹ́ kó rí i ní kedere pé ẹ ń dúró dè é láti jọ padà sílé. Bí kò bá fẹ́ lọ, ẹ má fi dandan mú un. Ẹ lọ fúnra yín, kí ẹ sì bi alábòójútó ilé náà léèrè ohun tó tán nílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọṣẹ ni, tàbí owó gáàsì.