Ìmísí: Ẹ̀bùn Ni Tàbí Gbèsè?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí kò ṣòro láti pa, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà dúró wò. Nígbà tí àgbà bá ti lo ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n tán, tí gbogbo ayé sì yìn ín, gbèsè kankan ha wà lọ́rùn rẹ̀ sí ẹni tí ó ni ọgbọ́n náà bí? Ìbéèrè yìí kò dà mí láàmú rí, àfi ìgbà tí ẹgbẹ́ wa gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́ ní sáà tí ó kọjá.

Iṣẹ́ náà ni pé kí n ṣe ètò ojú òpó tí ẹgbẹ́ yóò ní lórí ayélujára, níbi tí ewì, àròkọ àti ìròyìn ìpàdé wa yóò máa wà. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni yóò kọ́ ọ; èmi ni n ó sọ bí yóò ti rí: ohun tí yóò kọ́kọ́ hàn, àwọ̀ tí a ó lò, àti irú lẹ́tà tí a ó fi kọ ọ́. Mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo fi òru mẹ́ta jókòó, mo ń wo ojú òpó àwọn ẹlòmíràn káàkiri ayé, mo ń retí kí ìmísí bà lé mi bí ẹyẹ ti í bà lé igi. Ẹyẹ kankan kò bà. Ohun tí mo rí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú ọkàn mi pé bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ilé àlejò ni n ó kọ́ fún àwọn onílé.

Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ ra ata. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àtẹ aláta dáradára ní ọjọ́ kan tí ẹ̀yin náà bá lọ sí ọjà. Tòmátì wà nínú abọ́ rọ́bà kéékèèké, abọ́ kan ní iye owó tirẹ̀. Tàtàṣé wà lápá kan, ata rodo wà lápá kejì, àlùbọ́sà sì wà lẹ́yìn. Èyí tí ọjà rẹ̀ ń yá jù ni ó wà níwájú, níbi tí ọwọ́ oníbàárà yóò ti tètè kàn án. Ààyè wà láàárín abọ́ kan àti èkejì, kí ojú má baà dàrú. Kò sí ẹni tí ó ní láti béèrè ibi tí ohun tí ó ń wá wà. Mo dúró bí ẹni tí a kàn mọ́lẹ̀. Ohun tí mo fi òru mẹ́ta wá ni ó wà lórí àtẹ yìí! Mo fa ìwé yọ nínú àpò mi, mo ya àpótí mẹ́rin sórí rẹ̀: ọ̀kan fún ewì, ọ̀kan fún àròkọ, ọ̀kan fún ìròyìn, ọ̀kan fún ìpàdé tí ń bọ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi padà sílé láìra ata.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ ya á sórí ìwé lásán, láìsí àwọ̀, láìsí ọ̀ṣọ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò jókòó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ti í ta okùn kí ó tó to búlọ́ọ̀kù.

Ó wá ku àwọ̀. Nítorí èyí mo lọ sílé, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìyá ìyá mi ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ó ti pẹ́ nínú àpótí wọn, irú èyí tí a ń pè ní Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni a fi ya ọnà sí i kí a tó rẹ ẹ́ láró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í débẹ̀. Lára ọnà inú rẹ̀ ni àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí a ṣí ní ìlú Ìbàdàn ní ọdún 1929. Mo ya fọ́tò aṣọ náà, mo fi í ṣe ilẹ̀ fún ojú òpó wa, mo sì kọ ewì lé e lórí. Ó wù mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbé fóònù lọ fún ìyá àgbà.

Wọ́n wo ó títí, wọ́n ní, “Aṣọ mi nìyí. Kí ni o kọ sí i lára?”

Mo ní, “Ewì ni, mà.”

Wọ́n ní, “N kò rí i kà.” Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bi mí pé, “O kọ orúkọ ẹni tí ó ya á?”

Mo ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín, mà?”

Wọ́n ní, “Èmi ni mo rà á. Èmi kọ́ ni mo yà á.”

N kò lè fèsì. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń padà bọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí bá ìyá àgbà jiyàn nínú ọkàn mi. Mo ní, àwọn obìnrin tí ó ya òpó Màpó sára aṣọ, ta ni wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn tí ó ya àdìrẹ Olóba, nígbà tí Ọba George Karùn-ún ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí oyè ní ọdún 1935, wọ́n ha kọ̀wé sí ọba kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀ bí? Ayélujára gan-an ńkọ́? Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá a lábàá ní oṣù kẹta ọdún 1989 ní CERN, ilé ìwádìí kan ní ilẹ̀ Switzerland. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti ń gba owó lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni, níbo ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa yóò ti rí i san? Gbogbo oníṣẹ́ ọnà ni ń mú nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èwo ni ti gbèsè?

Àròyé yìí dùn mọ́ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé ó ní ihò. Èkíní, àwọn obìnrin tí ó ya òpó Màpó kò fi ibi tí wọ́n ti rí i pamọ́. Wọ́n pe aṣọ wọn ní Ìbàdàndùn; ẹnikẹ́ni tí ó bá dárúkọ aṣọ náà ti yin ìlú náà. Èkejì, wọn kò jí òpó gbé. Wọ́n fi ọwọ́ àti òógùn ara wọn sọ òkúta di aṣọ. Ẹ̀kẹta, CERN ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí ayé máa lò ó. Obìnrin tí ó ya aṣọ ìyá àgbà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì béèrè. Ohun tí a fún ni àti ohun tí a rí he, kì í ṣe ọ̀kan náà. Lónìí aṣọ kan wà ní ọjà wa tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ ní àwòṣe àdìrẹ, tí kò kan ìkòkò aró rí, tí wọ́n sì ń tà á ní ẹ̀dínwó títí aláró kò fi rí ọjà tà mọ́. Bí a bá bi àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́, àwọn náà yóò ní ìmísí ni.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé gbèsè ni ìmísí. Kì í ṣe gbèsè owó nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n gbèsè ni, a sì máa ń san án ní ọ̀nà mẹ́ta: kí á dárúkọ ẹni tí a ti rí i gbà, kí á fi iṣẹ́ ọwọ́ tiwa kún un, kí ohun tí a ṣe sì wúlò fún irú ẹni tí a ti rí i gbà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Níbi yìí ni mo ti wá mọ ìwúlò ètò. Tẹ́lẹ̀ rí mo rò pé ètò ni ọ̀tá ìmísí, pé ẹni tí kò ní ẹ̀bùn ni í fi rúlà wọn nǹkan. Ṣùgbọ́n ètò ni a fi ń san gbèsè náà. Ìyá àgbà kò rí ewì kà. Mo wádìí, mo rí i pé ẹgbẹ́ W3C, tí ń ṣe ìlànà fún ayélujára láti ọdún 1994, ti là á sílẹ̀ pé fún lẹ́tà tí kò tóbi, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àárín lẹ́tà àti ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 4.5 sí 1. Lórí àdìrẹ, ibi kan dúdú, ibi kejì funfun. Kò sí àwọ̀ lẹ́tà tí yóò bá gbogbo rẹ̀ mu. Mo mú aṣọ lọ sí etí ojú ewé, mo fi àárín sílẹ̀ ní funfun. Mo dín ìwọ̀n fọ́tò kù, kí ó má baà jẹ dátà àwọn tí kò lówó. Mo sì yan irú lẹ́tà tí ó mọ àmì ohùn í gbé, nítorí nínú ètò Unicode, ẹ́ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo: ẹ ni a ó kọ, kí á tó gbé àmì lé e lórí. Lẹ́tà tí kò bá mọ èyí yóò ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹgbẹ́ Yorùbá wo ni yóò máa ṣi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kọ lójú ayé?

Ní ti orúkọ, ìyá àgbà rántí agbo ilé tí wọ́n ti ra aṣọ náà. Mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ta ni yóò béèrè ẹni tí ó ya aṣọ? Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Nígbà tí a débẹ̀, ìyá tí ó yà á ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wo fọ́tò náà pẹ́, tí ó sì wí pé, “Ẹ lò ó, kí ẹ kọ orúkọ ìyá wa sí i. Kí ẹ sì wá fi hàn wá bí ẹ bá parí.” A ti kọ ọ́, orúkọ náà wà nísàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, àwa yóò sì padà lọ fi hàn wọ́n.

Ó ku ìyá aláta. Ní ọjọ́ Sátidé mo padà lọ bá wọn, mo ṣàlàyé bí àtẹ wọn ti ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, o dúró níwájú ọjà mi ní ọjọ́sí, o kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àyè rà. Ata mélòó ni kí n wọ̀n fún ọ?” Mo ra ata.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ náà dé nìyí. Bí ẹnìkan bá gbà pé ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ni ìmísí, kí ó kọ èrò tirẹ̀ wá fún ìwé wa yìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó kọ ọ́, kí ó ronú ibi tí èrò náà ti wá.