Ta Ló Ni Ìrọ̀lẹ́ Òṣìṣẹ́?

 
Kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 16:6-13

Lọ́dún 2015, obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ California, l'Amẹ́ríkà, pe iléeṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ lẹ́jọ́. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fi áàpù kan sórí fóònù, èyí tó ń sọ ibi tí wọ́n bá wà. Obìnrin yìí ní òun ò jà sí ti àkókò iṣẹ́. Ohun tó dun òun ni pé bí òun ṣíwọ́, áàpù ò ṣíwọ́, òun ò sì gbọdọ̀ pa fóònù nítorí oníbàárà. Ó ní máníjà tiẹ̀ ń fi ṣe fáàrí pé òun mọ bó ṣe ń sáré tó lójú títì. Ó yọ áàpù náà; ó ní ìyẹn ni wọ́n torí ẹ̀ lé òun.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó o. Ọ̀pọ̀ wa ló ti fi tracker sínú mọ́tò, torí olè, torí dírẹ́bà tó ń fi mọ́tò onímọ́tò kérò. Mi ò bá yín wí. Pọ́ọ̀lù náà kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ nípa àrójúṣe (Kólósè 3:22), ẹni tó sì gbowó wákàtí mẹ́jọ tó fi mẹ́ta sùn, olè ni.

Ṣùgbọ́n wákàtí la rà, a ò ra èèyàn. Tó bá di aago mẹ́fà, bóyá ọsibítù ló yà sí ni o, bóyá ibi tó ti ń wáṣẹ́ mìíràn ni o, owó oṣù tá a san ò dé ibẹ̀. Ẹnì kan á ní, "Ẹni tí ò ṣe láburú, kí ló ń fi pa mọ́?" Gbogbo wa là ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, láburú wo là ń ṣe níbẹ̀?

Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí aráàlú, òfin dátà ti 2023 sì tún wà. Wọ́n á ní òṣìṣẹ́ ṣáà fọwọ́ síwèé. Ẹni tí ebi ń pa, tá a na bírò sí, ṣé ó lè sọ pé rárá?

"Ọlọ́run náà kúkú ń rí wa tọ̀sán-tòru." Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo Hágárì, ìránṣẹ́ tó sá fún ìyà ọ̀gá rẹ̀. Áńgẹ́lì bá a létí ìsun omi. Orúkọ rẹ̀ ló fi pè é, síbẹ̀ ó bi í níbi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ẹni tó mọ̀ ló ń béèrè yẹn! Lóòótọ́, ó ní kó padà sílé ọ̀gá. Ibẹ̀ le, mi ò ní fò ó. Àmọ́ Hágárì ò sá fún ojú tó rí i, torí ojú náà rí ìpọ́njú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èèyàn síṣẹ́, ẹ sọ fún dírẹ́bà yín lónìí pé tracker wà nínú mọ́tò. Bó bá jẹ́ fóònù rẹ̀ ni, ẹ jọ fi aago tí yóò máa kú sí, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó kú.