Ọwọ́ Òsì Ni Olúwa Fi Yọ Mí

Mo dìde lónìí láti dúpẹ́ ẹ̀mí mi, ẹ̀mí ìyá àgbà kan tí mo gbé sẹ́yìn, àti ẹ̀mí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí n ò mọ orúkọ wọn títí dòní. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá lẹ mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀kadà ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Ìyẹn kó tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, tí òfin ìjọba Èkó tó de ọ̀kadà kan ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú àti Bàrígà tiwa yìí. Láyé ìgbà náà, láti Ìlàjẹ dé Àkọ́kà, láti Pedro dé Onípanu, àwa la máa ń gbé yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá náà wọ ọ̀kadà mi ní Bàrígà, ó ń lọ sí Ṣípéolú ní Ṣómólú. Ìwé ètò ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fẹ́ lọ gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀wé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ibi tí wọn kì í ti í wá tẹ̀wé ní Ṣómólú. Mo rọra gun bọ́ǹpù kan, mo fúnná sí i díẹ̀ kí táyà ẹ̀yìn lè bọ́ sílẹ̀, mo sì dá ọwọ́ padà. Ọwọ́ padà, iná ò padà. Ẹ́ńjìnì fariwo ta, máṣíìnì sì gbéra pẹ̀lú wa. Lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn ọmọ kéékèèké tó wọ yunifọ́ọ̀mù di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń sọdá. Dáńfó kan dúró lápá òsì, ó ń já èrò. Lápá ọ̀tún, gọ́tà tí wọn ò bo orí rẹ̀ ni.

Ìyá figbe ta: "Jésù! Ọmọ mi, dúró!" Mo gbọ́ bó ṣe ń gbìyànjú láti bẹ́ sílẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ dì mí mú, ẹ má bẹ́ o!"

Kí ọkàn mi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọwọ́ òsì mi ti fún kílọ́ọ̀ṣì pa. Ariwo ẹ́ńjìnì tún wá le sí i, ṣùgbọ́n ariwo lásán ló kù, kò lágbára lórí táyà mọ́. Mo tẹ búréèkì ẹsẹ̀, mo sì ń fa ti ọwọ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́ ọn, torí iyanrìn wà nílẹ̀, bí mo bá fà á lójijì, táyà iwájú á yọ̀. N ò wo gọ́tà, n ò wo dáńfó. Àlàfo tí mo fẹ́ kí máṣíìnì gbà ni mo tẹjú mọ́. Nígbà tó rọlẹ̀ tán, mo fi ọwọ́ ọ̀tún pa kọ́kọ́rọ́. A ò kan ọmọ kankan. Ẹ bá mi yin Olúwa!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí Ọlọ́run gbà wọlé. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mẹkáníìkì kan wà ní Bàrígà níbí, mùsùlùmí òdodo ni, òun ló ń bá mi tún máṣíìnì ṣe. Kó tó gbà kí n fi gbé èrò, ó gbé máṣíìnì náà dúró kí táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ó ṣáná sí i, ó kó o sí jíà, ó sì fúnná sí i títí táyà fi ń yí láìrí ojú rẹ̀. Ó ní kí n fún kílọ́ọ̀ṣì. Mo fún un. Ẹ́ńjìnì ń pariwo, àmọ́ táyà rọlẹ̀, ọ̀gá sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ dá a dúró. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ẹ́ńjìnì ń bínú, táyà ò gbọ́. Ọjọ́ tí iná bá há, má bá ọwọ́ ọ̀tún jà. Òsì ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́." Gbogbo ìgbà tí mo bá wá pààrọ̀ ọ́ìlì ló máa ń ní kí n kà á fún òun: kílọ́ọ̀ṣì, búréèkì, kọ́kọ́rọ́. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀kọ́ yẹn.

Nígbà tí a dúró tán, èrò pé lé wa lórí. Àgbàlagbà kan ní Ògún ò ní í fi wá wẹ̀, mo ṣe àmín. Àwọn kan ní ọwọ́ ọ̀tá ilé ni. N ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo ti máṣíìnì lọ bá ọ̀gá, ó tú wáyà iná. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀ di wáyà náà. Níbi tó ti wọ ọwọ́ iná, ọ̀kan ti já nínú wọn, ó ká padà bí ìwọ̀ ẹja, ó sì fi ẹnu kọ́ ihò àpò wáyà. Bí mo ṣe fúnná, ó wọlé; nígbà tó yẹ kó padà, ó há, sípíríǹgì inú kábúrétọ̀ ò sì lè fà á. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò rá a, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó ní, "Ọ̀tá rẹ nìyí."

Irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ ò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010, Toyota pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 2.3 padà ní Amẹ́ríkà nítorí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹná, tó lè há. Torí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tó ń fi máṣíìnì jíṣẹ́ kiri, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì yẹ wáyà wò. Kí ẹ tó ṣáná láàárọ̀, ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì sí òsì pátápátá, ẹ fúnná, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ yí i sí ọ̀tún, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kó padà wàrà ni o, kó má fà. Wáyà tó gbẹ, ẹ kán ọ́ìlì sí i. Èyí tó ti ń já, ẹ má so ó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má so agboòrùn tàbí àpò mọ́ ibi tí wáyà gbà kọjá. Eruku tó wọ kábúrétọ̀ náà lè mú kí iná há. Bí ẹ bá sì ń pa kọ́kọ́rọ́, ẹ má yí i kọjá ibi tó ti ń pa ẹ́ńjìnì, torí òmíràn lè ti ọwọ́ máṣíìnì pa. Ẹ̀yin èrò ẹ̀yìn, ẹ má bẹ́.

Ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbóbì kò jìnnà sí wa. Àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀. Lónìí, àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ki irin bọ ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀ kò kéré. Èmi ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ìyá náà fẹsẹ̀ rìn dé Ṣípéolú, ó gba ìwé rẹ̀, wọ́n sì sìnkú láìsí òkú kejì.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí mò ń wà báyìí, ọwọ́ òsì náà ni kílọ́ọ̀ṣì wà. Ọmọkùnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gáréèjì wa, mo máa ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, kó tó gbé èrò kankan. Ọrẹ ìdúpẹ́ mi nìyẹn. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ sì bá mi tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọ̀gá. Ohun tí ẹ nílò lọ́jọ́ ewu, Olúwa á ti fi kọ́ ọwọ́ yín kí ọjọ́ náà tó dé, lórúkọ Jésù.