Nọ́ọ̀sì Tó Ní Òun Kò Mọ̀ Ọ́n

Kókó kékeré kan yọ lójúgun ọmọ. Kò dùn ún, ó ń sáré kiri. Ìyá rẹ̀ ní oówo ni, ó fi òrí pa á. Nígbà tó yá, awọ tó bo kókó náà là. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa yóò rí i pé ihò abẹ́ awọ fẹ̀ ju ẹnu egbò lọ. Bí àrùn Buruli ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò tó ń fà á máa ń tu oró tó ń jẹ ẹran abẹ́ awọ, tó sì ń pa ìrora, ìdí nìyẹn tí òbí kì í fi í tètè fura.

Àrùn tó ṣọ̀wọ́n ni. Nọ́ọ̀sì lè ṣiṣẹ́ títí ní ìlú oko bí Àkànrán kó má rí ẹyọ kan. Síbẹ̀, kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Ìbàdàn. Ní 1976, Dókítà Oluwasanmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn tó ní in, àwọn òyìnbó tó ń gbé nítòsí adágún omi ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára wọn.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ọmọlúàbí nídìí ìtọ́jú aláìsàn, inú rere la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lójú tèmi, òtítọ́ ló ṣáájú. Nọ́ọ̀sì tó ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ léraléra nítorí ojú ń tì í láti sọ pé òun kò mọ àìsàn náà, bó ti wù kí “ẹ pẹ̀lẹ́” rẹ̀ dùn tó, ó ti jẹ ọmọ yẹn ní gbèsè. Èyí tó ní, “Ìyá Ṣadé, egbò yìí kọjá agbára mi. Màá kọ̀wé fún yín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn lọ́la,” ọmọlúàbí nìyẹn. Bí wọ́n bá tètè mú àrùn náà, oògùn méjì, rifampicin àti clarithromycin, tí wọ́n ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8, lè wò ó láìlo ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, àpá lè fa orúnkún pọ̀, kí ẹsẹ̀ má lè nà mọ́.

Àwa ará àdúgbò ńkọ́? “Ó ti tẹ nǹkan” máa ń yá lẹ́nu wa. A ó sún àga kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ nítorí òórùn egbò, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ sísọ wà lára ohun tí a fi ń mọ ọmọlúàbí, irú ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń mú kí ìyá gbé ọmọ pa mọ́ sínú yàrá.

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ti sọdá ààlà lọ sí Pobè, ní Benin, níbi tí ilé ìwòsàn kan wà fún àrùn yìí gan-an. Wọ́n mọ egbò wẹ̀ níbẹ̀: wọ́n á fi omi rin báńdéèjì àná kó má baà ya ẹran tuntun, wọ́n á dì í padà, wọ́n á sì ní kí ọmọ na ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ ń sunkún.

Láti Àkànrán dé Oríta Mẹ́fà, nítòsí UCH, ọkọ̀ Micra lè gbé ìyá àtọmọ dé. Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ fún oṣù méjì ni àgbẹ̀ kì í rí. Àdúgbò tó ń dáwó ìnáwó lè dá èyí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà sì fi tirẹ̀ kún un.