OMI TÍ Ó ṢẸ́KÙ: Ẹ̀TỌ́ ALÁDÙÚGBÒ NI ÀBÍ ÀÁNÚ?

Bí ọ̀dá bá dé, tí àdúgbò kan ní omi tí èkejì kò ní, kí ni ẹni tí ó ní jẹ ẹni tí kò ní? Ọ̀pọ̀ yóò yára dáhùn pé àánú lásán ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Cape Town, ní South Africa, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Láti 2015 títí dé 2017, òjò kò rọ̀ bí ó ti yẹ níbẹ̀. Àwọn dáàmù tí ìlú ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí ènìyàn inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù 4 ni. Ní oṣù kejì ọdún 2018, àwọn aláṣẹ ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan má lò ju lítà 50 lọ lójúmọ́, àtìwẹ̀ àtìdáná. Wọ́n tilẹ̀ dá ọjọ́ tí wọn yóò ti ẹ̀rọ omi ilé pa, tí olúkúlùkù yóò máa tò gba lítà 25.

Ní oṣù yìí kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ agbègbè Elgin àti Grabouw, Groenland Water Users' Association, ṣí omi dáàmù tiwọn sílẹ̀ fún ìlú: lítà bílíọ̀nù 10, láìgba kọ́bọ̀. Ó tó ohun tí ìlú ń lò fún nǹkan bí ogún ọjọ́. Wọ́n yìn wọ́n, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Ṣé wọn ìbá ti ṣẹ̀ ni, àbí láádá nìkan ni wọn ìbá pàdánù?

Ànábì wa (S.A.W.) kọ̀ fún wa láti fi omi tí ó ṣẹ́kù du ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ìtàn Zubayr kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Òun àti ará Mẹ̀dínà kan jọ ń gba ojú omi kan bomi rin igi dàbínù wọn, oko Zubayr ni omi sì ń kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú Ànábì, ó ní kí Zubayr bomi rin tirẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí omi kọjá sí aládùúgbò. Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní nítorí pé ìbátan Ànábì ni Zubayr ni. Ojú Ànábì yí padà, ó sì dá a pé kí Zubayr dá omi dúró títí yóò fi dé ìdí ògiri oko. Àwọn onímọ̀ wọn ìyẹn, wọ́n ní ó tó kókósẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ìrọ̀rùn fún ẹni tí ó ń bẹ nísàlẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ ẹni òkè gan-an. Ẹ̀tọ́ náà sì ní ààlà tí ojú lè rí. Bí omi bá ti kọjá kókósẹ̀, ti aládùúgbò ni.

Ta ni yóò wá wọn kókósẹ̀ yìí fún àgbẹ̀ tí ó ń gbin ápù? Yóò ní òun nílò gbogbo rẹ̀, nítorí òjò ọdún tí ń bọ̀ kò dájú, kò sì parọ́. Ilé-iṣẹ́ omi ìlú yóò ní ọ̀fun ènìyàn ṣíwájú gbòǹgbò igi. A gbà. Ṣùgbọ́n ìlú ń fọ mọ́tò, ó ń bomi rin òdòdó, nígbà tí lébìrà tí ń já èso kò ní iṣẹ́ mìíràn bí igi bá kú. Nínú ọ̀dá yẹn, ìjọba gé omi àwọn àgbẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń bá ìlú pín dáàmù kù gan-an, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko. Nítorí náà, kí ìlú wọn ara rẹ̀ kí ó tó béèrè. Cape Town ṣe èyí: láàrin ọdún mẹ́ta, ó gé omi tí ó ń lò kù ju ìdajì lọ. Lójú tiwa, èyí ni ó sọ ìbéèrè rẹ̀ di ẹ̀tọ́.

Òjò padà rọ̀ ní 2018, wọn kò sì ti ẹ̀rọ pa. Ìgbà tí dáàmù bá kún báyìí ni ó yẹ kí àgbẹ̀ àti ìlú jókòó kọ ìwọ̀n kókósẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í lè wọn nǹkan dọ́gba. Owó ẹ̀rọ tí ó gbé omi, kí ìlú san án. Owó omi tí ó ṣẹ́kù fúnra rẹ̀ ni a kò rò pé ó tọ́ láti gbà.