Òǹkà àti Ẹni Tí Ó Yẹ Kí Ó Kà Á

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Báyìí ni àwọn àgbà wí, nítorí pé ọmọ ènìyàn kì í ṣe ẹran ọjà. Síbẹ̀, ẹni tí òǹkà bá fò, ìpín náà yóò fò ó. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dà bí ẹni pé wọ́n ń takora, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni méjèèjì. Ẹ̀rọ kékeré kan lè ràn wá lọ́wọ́ láti là wọ́n níjà.

Ní Agbogbloshie, létí odò Odaw ní ìlú Accra, ọjà àlòkù irin ńlá kan wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọ̀dọ́, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti àríwá Gánà, a máa tú kọ̀ǹpútà, amóhùnmáwòrán àti fìríìjì níbẹ̀. Wọn a máa sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀. Nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ lè rí ohun tí yóò fi kọ́ ẹ̀rọ òǹkà. Yóò yọ́ òjé lára pátákó ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́, yóò sì yọ iná kéékèèké mẹ́wàá, bọ́tìnnì kan, résísítọ̀ àti kapásítọ̀. Áísì tí ń jẹ́ 4017, ẹlẹ́sẹ̀ 16, ni ọkàn iṣẹ́ náà. Nígbàkúùgbà tí agbára iná bá kan ẹsẹ̀ kẹrìnlá, iná tí ń tàn yóò kú, èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò sì tàn. Bí ó bá pé mẹ́wàá, yóò padà sí òdo, ẹsẹ̀ kejìlá yóò sì ránṣẹ́ sí áísì kejì pé ẹ̀wá kan ti pé, bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́ ti ń sín ogójì sí okùn kan kí wọ́n tó mú okùn mìíràn.

Àkọ́kọ́ tẹ̀ a sábà máa já ẹni tí ó kọ́ ọ kulẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, òǹkà fò dé ẹ̀ta tàbí àrún. Áísì kò purọ́. Irin inú bọ́tìnnì ni ó gbọ̀n, tí ó kanra léraléra kí ó tó fara balẹ̀, kí ojú tó ṣẹ́. Áísì sì ka gbogbo rẹ̀. Résísítọ̀ àti kapásítọ̀ ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí ìgbọ̀n náà. Àbùkù kejì tún wà: bí agbára iná bá dúró lórí ẹsẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, òdo ni òǹkà yóò máa wà, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ bọ́tìnnì nígbà ẹgbẹ̀rún.

Àbùkù méjèèjì yìí ni ayé fi ka Agbogbloshie. Àwọn ìròyìn kan láti òkè òkun pè é ní ààtàn ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ lágbàáyé, ìròyìn kan ń bí òmíràn, bí irin tí ń gbọ̀n nínú bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe lábẹ́ Àdéhùn Basel, tí ó jáde ní 2011, fi hàn pé nínú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 215,000 ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tí ó wọ Gánà ní 2009, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ àlòkù. Nǹkan bí ìdá 30 nínú àlòkù náà ni kò ṣiṣẹ́ nígbà tí ó dé, wọ́n sì tún nǹkan bí ìdajì ìwọ̀nyí ṣe. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ohun tí ó dé òkìtì náà ni àwọn ará Gánà fúnra wọn ti lò kí wọ́n tó sọ ọ́ nù. Ẹ̀bi náà kò mọ sí ẹnu ọ̀nà òyìnbó nìkan.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, ìjọba wó ọjà náà. Ìyẹn ni ẹsẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún: òǹkà padà sí òdo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò parí, ó kàn fọ́n ká sí àdúgbò mìíràn ni. Òfin 917 ti ọdún 2016 ti bu owó lé ẹ̀rọ tí ó bá wọ Gánà, nítorí náà wọ́n mọ bí a ti ń ka ẹ̀rọ ní èbúté. Ta ni ó ń ka àyà tí ó ń fa èéfín?

Òwe kò sọ pé a kì í ka ọmọ rárá. Ó ní a kì í kà á fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ mọ iye tí òun bí. Ẹni tí ó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tí ó kó o ni ó yẹ kí bọ́tìnnì wà. Òun ni ó yẹ kí ó sọ iye wáyà tí ó sun, iye òru tí ikọ́ kò jẹ́ kí ó sùn, àti iye owó tí ó tó fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó sì ń ṣeré pẹ̀lú áísì nílé, tí inú rẹ̀ ń dùn bí iná ti ń tàn tẹ̀ léra, kò gbọdọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ka iná mẹ́wàá tán, kí ó béèrè ọwọ́ mélòó ni ó yọ wọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òun.